Alágbàfọ̀ àti Ìbò Kan Tó Bàjẹ́

Bí ẹ bá kó aṣọ lọ sọ́dọ̀ Gúnrẹ́gẹ́ alágbàfọ̀, kí ẹ tó kúrò níwájú káńtà ni yóò ti ti ọwọ́ bọ gbogbo àpò aṣọ yín. Ojú yín ló ti ń ṣe é, kò fi pamọ́ rárá. Á yọ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, á yọ bébà súìtì, á yọ lẹ́tà tí ẹ ti gbàgbé, á tò wọ́n sílẹ̀ níwájú yín, á ní, "Ẹ kó ẹrù yín o, ẹ̀rọ mi kì í jẹ ìwé." Iṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yọ ìwé ni ojú rẹ̀ ń kà á, ojú yẹn sì yára ju ọwọ́ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ka àpò àdúgbò náà. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ilé kẹta ń wá iṣẹ́ síbòmíràn, kí ọkọ nọ́ọ̀sì tó mọ̀. Òun ló mọ ẹni tó ń tọ́jú ìwé ìpolongo ẹgbẹ́ sí àpò àyà, àti ẹni tó kàn rún un mọ́ ìdí àpò ṣòkòtò kí olùpolongo lè jẹ́ kó sinmi. Ó máa ń sọ pé àpò kì í purọ́, ẹnu ló ń purọ́.

Gúnrẹ́gẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kíká aṣọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ ṣẹ́ aṣọ sí méjì níbùú, á wá ká a sí mẹ́ta lóòró, á ti etí kan bọ inú èkejì, lẹ́yìn náà á fi èékánná àtàǹpàkò fa ojú ìṣẹ́po náà títí yóò fi mú bí abẹ. Ẹ lè ju ẹ̀wù tí Gúnrẹ́gẹ́ bá ká sókè kó já bọ́ sílẹ̀, kò ní tú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ká áńkáṣíìfù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ká ìwé iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ká lẹ́tà tó kọ sí àwọn àna rẹ̀ nígbà tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Ìyá ìyàwó ní ọ̀bẹ lòun fi ṣí i. Kò sí ilé kan ní òpópónà náà tí kò sí aṣọ tí wọ́n ká báyẹn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Òpópónà náà kò gùn. Ilé mẹ́rìnlélógún ni, méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì, ó sì parí síbi ògiri ilé ìwé. Ìjọba Ẹgbẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́ ló kọ́ ilé wọ̀nyẹn fáwọn òṣìṣẹ́ tí owó oṣù wọn kò lè kọ́lé láéláé, láti ìgbà náà wọn kò dìbò fún ẹlòmíràn mọ́. Ní òdìkejì títì ńlá, níbi tí àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn kó tó di ilé wọ̀nyẹn ń gbé, ọmọ Ẹgbẹ́ Alákàbà ni gbogbo wọn pátá. Ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni nípa ètò ẹ̀kọ́ tàbí ètò ìlera. Ẹ bi í pé ẹ̀gbẹ́ títì wo ló ń sùn, ẹ ti mọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe.

Gúnrẹ́gẹ́ ni aṣojú Ẹgbẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́ ní òpópónà náà. Bí ìdìbò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, á kọ iye ìbò tí ẹgbẹ́ yóò rí sórí ìwé, á ká a bó ṣe ń ká a, á fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, tí ènìyàn kàn ń ju ìwé sínú èyí tó wù ú, kò ṣì í rí. Iye tó bá kọ náà ni yóò jáde. Akọ̀wé ẹgbẹ́ a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ìpàdé, inú ọkùnrin náà a sì máa dùn títí aṣọ á fi fẹ́ jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Ọdún kẹjọ sẹ́yìn ni wọ́n yí i padà. Wọ́n mú ìwé ìdìbò kan ṣoṣo jáde, àwòrán kọ́kọ́rọ́ lókè, àwòrán àkàbà nísàlẹ̀. Kí ènìyàn ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, kó tẹ ọ̀kan, kó ká ìwé, kó jù ú sínú àpótí. Wọ́n kó àpótí lọ sí olú iléeṣẹ́ ìdìbò láti lọ kà á, ní ọjọ́ kejì wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri ilé ìwé. Méjìlélọ́gọ́ta ni Gúnrẹ́gẹ́ kọ fún akọ̀wé. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni: Kọ́kọ́rọ́, mọ́kànlélọ́gọ́ta; Àkàbà, òdo; ìbò tó bàjẹ́, ẹyọ kan.

Ó ní àṣìṣe ni, ọwọ́ ẹnìkan ló gbọ̀n. Ọdún mẹ́rin kọjá, wọ́n tún dìbò, ìbò kan ṣoṣo tún bàjẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ bi í níwájú àwùjọ pé, "Bàbá, ta ni ẹnìkan yìí nínú yín?" Wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí olú iléeṣẹ́ ìdìbò, ó bẹ òṣìṣẹ́ kan títí onítọ̀hún fi sọ fún un pé ìwé yẹn kì í ṣe òfìfo, àwòrán méjèèjì ni ẹni náà tẹ̀.

Ó tẹ méjèèjì! Ohun tó wá ba ọkàn Gúnrẹ́gẹ́ jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó tẹ Àkàbà nìkan, ó kéré tán, ọ̀tá tó dúró ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ méjì, tó tún wá ń kí ọ káàárọ̀, tó ń gbé aṣọ wá fún ọ láti fọ̀, kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpò pẹ̀lú ojú mìíràn. Ó fura sí nọ́ọ̀sì, nítorí iṣẹ́ tó ń wá. Ó fura sí tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí pé ó ń ka ìwé ìròyìn méjì. Bí ẹnìkan bá pẹ́ kó tó dá a lóhùn, ó di ẹni tó ń wá irọ́ jọ. Bí onítọ̀hún bá sì yára dáhùn, ó ti wá irọ́ náà jọ láti ilé nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé kan ni àbúrò rẹ̀ gbé aṣọ wá. Ìyá kan, bàbá kan ló bí wọn. Àbúrò náà ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ilé keje ló sì ń gbé, gbogbo òpópónà sì ń pè é ní Awakọ̀. Ẹ̀wù iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Gúnrẹ́gẹ́ ti ọwọ́ bọ àpò àyà, ìwé ìpolongo Alákàbà ló bá ọwọ́ rẹ̀ jáde.

"Kí lèyí?"

"Ìwé ni, ẹ̀gbọ́n. Ìyá ọmọ kan ló fún mi nígbà tó ń gbé ọmọ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì."

"O sì gbà á."

"Ṣé kí n jù ú sí i lójú ni? Oníbàárà ni."

"Ọ̀gá tó ni bọ́ọ̀sì tí ò ń wà, Alákàbà ni àbí kì í ṣe Alákàbà?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ ṣe jẹ́jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ni mo dìbò fún. Ẹyọ kan ni mo tẹ̀."

"Ta ló bi ọ́ pé o tẹ méjì?"

Gbogbo òpópónà ló ti gbọ́ nípa ìka méjì, òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfura bá ti wọ̀ lára kì í rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Oníbàárà mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, níwájú wọn ló sì ti gbé ohùn sókè: "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ń wá a káàkiri òpópónà, àṣé inú ilé bàbá mi ló wà!"

Awakọ̀ dúró, ó ń wò ó bíi pé ó ń dúró kó sọ pé eré lòun ń ṣe. Nígbà tí kò sọ bẹ́ẹ̀, ó jáde. Ẹ̀wù rẹ̀ ṣẹ́kù lórí káńtà. Gúnrẹ́gẹ́ fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, nítorí kò lè fi aṣọ dídọ̀tí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé e sórí pẹpẹ òkè. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin, ẹsẹ̀ àbúrò kò kan ilé ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Kò sẹ́ni tó bú Awakọ̀. Wọ́n kàn ń dákẹ́ tó bá ti dé. Ìyàwó rẹ̀ á kí ènìyàn, onítọ̀hún á dá a lóhùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ní tí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí i lé kò lè kàn dédé máa pa irọ́ mọ́ ọn. Ìyàwó Gúnrẹ́gẹ́ nìkan ló bi í ní ìbéèrè kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tó ti ń fi omi wọ́n aṣọ: "Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó tẹ̀ ẹ́, Bàbá wọn?" Ó ní kó tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò tún ku oṣù kan, pátákó kan yọ níwájú ilé keje: ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ. Gúnrẹ́gẹ́ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láràárọ̀, kì í gbójú sókè, ṣùgbọ́n ó mọ iye ìṣó tí wọ́n fi kàn án. Òun ló kọ́ àbúrò yẹn ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Òun ló ń gbé e sẹ́yìn lọ sílé ìwé lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Ó fẹ́ kó dúró, ó sì fẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́, méjèèjì ló ń fẹ́ pa pọ̀, kò mọ̀ pé ọ̀kan ń lé ìkejì lọ.

Nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ méjì, Awakọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé níbí ni wọn yóò ti ka ìbò lọ́dún yìí, lójú gbogbo ènìyàn."

"Òfin tuntun ni."

"Ó dáa. Mi ò ní dìbò. Lọ́jọ́ náà, láti ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, orí bẹ́ǹṣì yín yìí ni n óò jókòó sí, kí ìyàwó yín máa ṣọ́ mi. Ẹ ó kù ní mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bí ó bá pé, èmi ni. Bí ó bá tún dín kan, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Gúnrẹ́gẹ́ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Kò rí i. Ìyẹn gan-an tún mú un fura. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Ní ọjọ́ ìdìbò, Awakọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Nígbà tí ìyàwó Gúnrẹ́gẹ́ ti lọ dìbò tirẹ̀, tó sì padà wá ṣọ́ ọ, Gúnrẹ́gẹ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun tó lọ̀ fúnra rẹ̀, ó lọ tò sórí ìlà nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Nígbà tó kàn án, ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ìdìbò tó na ìwé sí i sọ fún un bó ṣe ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, lóòró ni kí ẹ ká a o, kì í ṣe níbùú, nítorí tàdáwà."

"Èmi?" ni Gúnrẹ́gẹ́ wí, ó sì wẹ̀yìn wo àwọn tó wà lórí ìlà. "Èmi ni ìwọ ọmọ yìí fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ká nǹkan?"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ kọ́kọ́rọ́ gbàgìdì, ó ká ìwé, ó sì jù ú sínú àpótí. Lẹ́yìn náà ló gba àga aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń jáde, ó ń wá àmì tàdáwà lórí ìka kejì.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n da àpótí ìbò òpópónà náà sórí tábìlì. Òpópónà rọ̀gbà yíká. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè, ó ń pe "Kọ́kọ́rọ́," ọmọbìnrin ìṣáájú sì ń fa ìlà sí pátákó. Kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó di ogójì, Gúnrẹ́gẹ́ kò mọ èwo lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún mọ́. Bí ó bá pé, iye rẹ̀ tọ́, ọ̀dàlẹ̀ sì ni àbúrò rẹ̀. Bí kò bá pé, ọ̀dàlẹ̀ náà wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó ń wo ojú nọ́ọ̀sì. Ó ń wo ọwọ́ tíṣà àgbà.

Nígbà tó kan ìwé kẹtàdínlọ́gọ́ta, ọwọ́ ọ̀gá náà dúró. Ìwé tó mú kò ṣí. Ó fà á, kò ṣí. Ó yí i padà, ó tún fà á, ó wá yọ píìnì nínú irun rẹ̀, ó fi hú etí ìwé náà jáde. "Ta ló dì í báyìí?" ló ń sọ fún ara rẹ̀.

Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Ní ilé mẹ́rìnlélógún, aṣọ àwọ̀sùn ọmọ wọn wà ní kọ́bọ́ọ̀dù báyẹn. Gúnrẹ́gẹ́ pàápàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú agbo.

Ọ̀gá gbé ìwé náà sókè. "Méjì. Ó tẹ méjèèjì. Ìbò yìí bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ n wò ó," ni Gúnrẹ́gẹ́ wí. Ẹ̀tọ́ aṣojú ni. Ó rí i. Ìka kan dúdú kirikiri lórí kọ́kọ́rọ́. Èkejì wà lórí àkàbà, kò dúdú tó ti òkè, ó kọjú sódì, ojú ìṣẹ́po sì wà láàárín àwọn méjèèjì gbọọrọ, ó mú bí abẹ. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èékánná òun fúnra rẹ̀ ló tẹ tàdáwà náà mọ́lẹ̀ dáadáa, nígbà mẹ́ta, fún ọdún mẹ́jọ.

"Tàdáwà ló ràn!" ló kígbe. "Ìka kan ni! Ẹ wò ó, nígbà tí wọ́n ká a ló ràn mọ́ ìsàlẹ̀! Ẹyọ kan ni wọ́n tẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀yin ni."

Wọ́n ka mẹ́rin tó kù. Kọ́kọ́rọ́, ọgọ́ta. Àkàbà, òdo. Ìbò tó bàjẹ́, ẹyọ kan. Àwọn ènìyàn ń túká ní méjì méjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ó bá sì ti sún mọ́ wọn, wọ́n á dákẹ́. Ó mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òun ló kọ́ wọn.

Awakọ̀ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tó wọlé. Ìyàwó Gúnrẹ́gẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Ó dín kan?" ni Awakọ̀ bi í.

"Ó dín kan."

"Ta ni?"

Gúnrẹ́gẹ́ di káńtà mú. "Èmi ni. Tàdáwà ló ràn níbi tí mo ti ká a. Ẹyọ kan ni mo tẹ̀, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, ẹyọ kan."

Gúnrẹ́gẹ́ ń dúró de èsì tó tọ́ sí i, pé ta ló bi í pé ó tẹ méjì. Èsì náà kò wá.

"Ẹ fún mi ní ẹ̀wù mi," ni Awakọ̀ wí.

Gúnrẹ́gẹ́ gun àpótí, ó gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó gbọn eruku rẹ̀ nù. "Àbúrò mi, dárí jì mí. Jọ̀ọ́, lọ yọ pátákó yẹn."

"Ilé ti tà, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta là ń kó."

"O ti tà á? Kí lo wá jókòó síbí láti àárọ̀ fún?"

"Kí orúkọ mi lè mọ́ kí n tó lọ."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí tíṣà àgbà fi wọlé, nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ní àwọn wá gba aṣọ. Aṣọ wọn kò tíì gbẹ, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà àgbà wo Gúnrẹ́gẹ́, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá kọjú sí Awakọ̀.

"O ti gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ? Ó ní tàdáwà ló ràn."

"Mo gbọ́ o, sà. Ẹyọ kan ló tẹ̀."

"Ìwọ tí o jókòó síbí látàárọ̀? O ò dé ibùdó ìdìbò, o ò rí ìwé. Báwo lo ṣe wá mọ̀?"

Awakọ̀ gbé ẹ̀wù rẹ̀ há abíyá. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà," ló wí. "Ó ní ẹyọ kan lòun tẹ̀."

Ó kí wọn, ó sì jáde. Gúnrẹ́gẹ́ dúró lẹ́yìn káńtà, ọwọ́ tàdáwà rẹ̀ lórí igi, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí òun náà ìbá ti sọ nípa àbúrò rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, kò ju ìyẹn náà lọ.